Gbólóhùn Òyìnbó Tó Gbé Wa Dé Ọ̀dọ̀ Lọ́yà

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Jọ́ọ̀sì àti agbègbè rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ìtìjú ló jẹ́ fún mi, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ẹlòmíràn.

Ní ọdún 2006, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. Kì í ṣe pé mo gbọ́n ju àwọn yòókù lọ, ìwé ẹ̀rí girama tí mo ní ni wọ́n wò. Ìjọba fẹ́ pín ṣọ́ọ̀bù fún àwọn oníṣòwò, àwọn èèyàn wa mẹ́rìnlá sì ń retí. Èmi àtàwọn àgbà mẹ́ta ló lọ sí ọ́fíìsì náà. Ọ̀gá tó gbà wá lálejò kà ìwé wa, ó ní ká mú orúkọ àwọn èèyàn wa àti ìwé owó orí wọn wá kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "So, the ball is in your court." A dúpẹ́, a jáde. Kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan.

Bá a ṣe dé ìta, ọ̀kan nínú àwọn àgbà dì mí lápá mú. "Akọ̀wé, ṣé kóòtù ni mo gbọ́ yẹn?" Èmi tí wọ́n gbójú lé, mo ní kóòtù ló sọ lóòótọ́. Ìdààmú bá wa. A gbàgbé orúkọ, a gbàgbé ìwé owó orí. A pe ìpàdé lálẹ́, a dá owó jọ, a sì ń wá lọ́yà kiri. Nígbà tá a fi máa rí ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ méjì ti lọ.

Lọ́yà gbọ́ ẹjọ́ wa tán, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, kò sẹ́ni tó pè yín lẹ́jọ́. Ohun tó ń sọ ni pé ó kù sọ́wọ́ yín." Ó ṣàlàyé pé pápá tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù tẹníìsì làwọn òyìnbó ń pè bẹ́ẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ sí ọ̀dọ̀ rẹ, ìwọ lo máa gbá a padà. A sáré lọ sí ọ́fíìsì náà, ṣọ́ọ̀bù ti tán. Opó kan wà lára àwọn mẹ́rìnlá yẹn tó ń pàtẹ lábẹ́ agboòrùn. Abẹ́ agboòrùn yẹn ló wà títí tó fi padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kò bá mi jà rí, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Àṣìṣe mi ni pé mo ń tú gẹ̀ẹ́sì ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣé Yorùbá ṣeé tú bẹ́ẹ̀? Bí àlejò bá gbọ́ pé ọba wàjà, tó wá lọ gbé àkàsọ̀ láti wá kábíyèsí lókè àjà ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn. Ẹni tó ní òun máa "foot the bill", òun ló máa sanwó. Tí wọ́n bá ní oúnjẹ jẹ́ "on the house", ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó wà "under the weather", ara rẹ̀ kò yá. "Let's call it a day", ẹ jẹ́ ká ṣíwọ́ iṣẹ́. Bí oníbàárà bá sì fẹ́ àdéhùn "in black and white", ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.

Ẹ ṣọ́ra, gbogbo wọn kọ́ ni a ń sọ níbi gbogbo. "Kick the bucket" túmọ̀ sí pé èèyàn kú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ni. Ẹ má lọ fi í kí ọmọ olóòkú. "Passed away" ni ti ọmọlúàbí.

Àwa náà a máa kó Yorùbá wọ inú gẹ̀ẹ́sì. A ń jáde lọ, a ní "I'm coming", torí "mò ń bọ̀" la ní lọ́kàn. Kò sí wàhálà láàárín ara wa, ṣùgbọ́n òyìnbó á rò pé ọ̀dọ̀ òun là ń bọ̀. "I'll be right back" ni wọ́n ń sọ. Bí ẹnì kan bá kọsẹ̀, a ní "sorry", ìyẹn pẹ̀lẹ́. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London mọ̀ pé òyìnbó lè bi wọ́n pé, ṣé ìwọ lo tì mí ni?

Ta ló ṣí ìwé kọ́ wa ní Háúsá? Kò sí. A gbọ́ "sai an jima" lọ́jà, a béèrè, wọ́n ní ó dàbọ̀ ni, a sì ń lò ó. Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kọ odidi gbólóhùn tẹ́ ẹ gbọ́ sínú ìwé kékeré kan, ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ, kẹ́ ẹ sì bi ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀gá bá sọ èyí tí kò yé yín, ẹ bi í lójú ẹsẹ̀: "Please, what do you mean?" Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, kí àwọn ọmọ wa tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì mú gbólóhùn kan kan wá, kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún àwa àgbà. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè. Ká ní mo béèrè lọ́jọ́ yẹn ni, opó yẹn ì bá ti ní ṣọ́ọ̀bù.