Bí Fídíò Ẹ̀rí Ogun Làìbéríà Ṣe Lè Ṣí Lórí Fóònù Kékeré

Ní oṣù kìíní ọdún 2008, àwọn tí ogun Làìbéríà fojú wọn rí màbo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́rìí ní gbangba nílùú Monrovia. Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà ló pè wọ́n. Ẹ̀rí tí ìgbìmọ̀ náà gbà jákèjádò orílẹ̀-èdè lé ní 17,000. Lọ́dún yẹn kan náà, ìjókòó wáyé fún àwọn ọmọ Làìbéríà tó sá lọ sí Minnesota, l'Amẹ́ríkà.

Àwọn onímọ̀ yunifásítì Georgia Tech l'Amẹ́ríkà tún bá ìgbìmọ̀ náà ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní MOSES. Ẹni tí kò mọ̀wé lè tẹ bọ́tìnnì, kó wo fídíò ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, kó sì gba tirẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn.

Ṣùgbọ́n fídíò wúwo. Èyí tí kámẹ́rà DV ayé ìgbà náà bá gbà fún wákàtí kan máa ń tó gígábáìtì 13, bẹ́ẹ̀ sì ni ọdún 2011 ni okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun ACE tó dé Monrovia. Àní lónìí, ta ló fẹ́ fi owó dátà rẹ̀ wa irú fáìlì bẹ́ẹ̀ jáde?

Ibẹ̀ ni yíyí fáìlì padà ti wúlò. MP4, AVI àti MKV kàn jẹ́ orúkọ àpótí ni. Àwòrán àti ohùn ló wà nínú wọn, ọ̀nà tí wọ́n gbà fún oníkálukú pọ̀ sì yàtọ̀. Tí fóònù bá kọ̀ láti ṣí fídíò, ó lè jẹ́ pé kò mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà fún un pọ̀. H.264 fún àwòrán àti AAC fún ohùn ni ọ̀pọ̀ jù lọ fóònù mọ̀.

FFmpeg, ètò kọ̀ǹpútà tí Fabrice Bellard bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2000, ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, àmọ́ àṣẹ ni èèyàn ń tẹ̀ sí i lẹ́tà lẹ́tà. HandBrake, tí Eric Petit bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2003, rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀fẹ́ sì ni. Fa fáìlì sínú fèrèsé rẹ̀, mú ìṣètò “Fast 480p30”, kí o tẹ “Start”. Nọ́ńbà RF tó wà nínú rẹ̀ ló ń pinnu bí àwòrán yóò ṣe dára tó: bó bá ṣe ń ga sí i ni fáìlì ń kéré sí i, tí àwòrán sì ń bàjẹ́ sí i.

HandBrake kì í yọ ohùn nìkan jáde. VLC ni kí ẹni tó fẹ́ gbé ẹ̀rí sórí rédíò lò: kó tẹ Ctrl+R, kó yan MP3. Ọ̀rọ̀ wákàtí kan ní kílóbíìtì 64 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kò ní tó mẹ́gábáìtì 30.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa fáìlì àkọ́kọ́ rẹ́. Ohun tí ìfúnpọ̀ bá gé kúrò kì í padà. Ẹ tọ́jú ojúlówó sórí háàdì dísìkì méjì, sí ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ wá fi ẹ̀dà kékeré ránṣẹ́ sáwọn ẹbí ní Minnesota.