Láti Inú Ìwé sí Ojú Sinimá: Ojú tí Òǹwòran Yorùbá Fi Wo Mágùn

Ìfáàrà

Ọdún 2001 ni Túndé Kèlání gbé sinimá-àgbéléwò Thunderbolt: Mágùn jáde. Inú ìtàn tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ nípa mágùn ni a ti mú un. Fẹ́mi Káyọ̀dé ni ó sì tún un kọ fún sinimá. Fálétí, tí ó di olóògbé ní ọdún 2017, kì í ṣe àjèjì sí àwọn tí ń kọ́ lítíréṣọ̀ ní Ṣakí, Ìséyìn àti agbègbè wọn, nítorí òun náà ni ó kọ Ọmọ Olókùn-Ẹṣin, ìtàn-àròsọ tí ó dá lórí bí àwọn ará Òkè-Ògún ṣe jà fún òmìnira. Kèlání pẹ̀lú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìwé di sinimá nígbà náà. Ní ọdún 1997, ó ti gbé Ó Le Kú, ìwé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974, sójú àgbéléwò. Àríyànjiyàn tí Ó Le Kú dá sílẹ̀ kò ju ta ni ó yẹ kí Àjàní fẹ́ nínú àwọn ọmọbìnrin tí ó ń bá rìn. Àwọn obìnrin tilẹ̀ wo aṣọ tí àwọn òṣèré wọ̀, wọ́n sì gba ọ̀dọ̀ aránṣọ lọ. Ìró àti bùbá kékeré tí à ń pè ní olekú tún gbòde. Kò sí ẹni tí ó wo Mágùn tí ó rántí aṣọ. Ohun mìíràn ni òǹwòran ń gbé kúrò nídìí rẹ̀, ohun náà ni iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣàlàyé.

Mágùn nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá

Orúkọ náà ti túmọ̀ ara rẹ̀: má gùn. Oògùn ni, èyí tí ìgbàgbọ́ Yorùbá sọ pé a lè fi sí ara obìnrin láìjẹ́ pé ó mọ̀, bóyá nípa ohun kékeré bí òwú tàbí igi ìgbálẹ̀ tí a fi sí ojú ọ̀nà kí ó lè dá a kọjá. Ọkùnrin tí ó bá bá a lò pọ̀ ni oògùn náà yóò mú. Oríṣiríṣi ni wọ́n sọ pé ó wà: èyí tí ó ń mú ènìyàn ta òkìtì títí yóò fi kú, èyí tí ó ń mú un kọ bí àkùkọ, èyí tí ó ń fi òǹgbẹ pa á, àti èyí tí kì í jẹ́ kí àwọn méjèèjì lè kúrò lára ara wọn. Apá kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé: bí àkókò kan bá kọjá tí ọkùnrin kankan kò sún mọ́ obìnrin náà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kú. Apá tí wọ́n ń gbàgbé yìí ni Fálétí àti Kèlání gbé ìtàn lé.

Yínká (Lánre Balógun), ọmọ Yorùbá, àti Ngozi (Uche Obi-Osotule), ọmọ Ìgbò, pàdé níbi ìsìnrú ìlú, wọ́n sì fẹ́ ara wọn. Iṣẹ́ mú kí wọ́n gbé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Òfófó àti ìfura wọ inú ọkọ. Ó gbà pé ìyàwó òun ń rìnrìnkurìn, bẹ́ẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀. A fi mágùn sí ara Ngozi. Nígbà tí àṣírí tú fún un, ìṣòro rẹ̀ di oníhà méjì: bí kò bá rí ọkùnrin tí yóò sún mọ́ òun, ó kú, bí ó bá sì rí i, ọkùnrin náà ni yóò kú. Dímèjì (Wálé Macaulay), dókítà òyìnbó tí ọkàn rẹ̀ fà sí i, ni ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀. Oògùn náà mú un, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ni wọ́n sì gbà á sílẹ̀.

Ìdí tí ẹ̀rù fi ń ba òǹwòran

Ẹni tí ó ń ka ìwé dá wà pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Bí ẹ̀rù bá bà á, ó lè pa ìwé dé kí ó sì lọ wá omi mu. Sinimá-àgbéléwò kò rí bẹ́ẹ̀, pàápàá ní àwọn ọdún tí kasẹ́ẹ̀tì fídíò wà lóde. Ní ìlú bíi Ṣakí, ènìyàn a yá kasẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù. Bí iná bá wà tàbí tí jẹnẹrétọ̀ bá ti ń dún, onílé, aládùúgbò, ọmọ ilé-ìwé àti ìyá àgbà a jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kan náà. Wọn kì í wo eré ní ìdákẹ́jẹ́. Wọ́n ń kìlọ̀ fún ẹ̀dá-ìtàn bí ẹni pé ó ń gbọ́ wọn, wọ́n ń ṣépè fún ọ̀dàlẹ̀, wọ́n ń sọ pé kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a rí i. Àṣà tí ó ti wà láti ìgbà eré alárìnjó ni èyí. Ẹni tí ó bá pe irú ariwo bẹ́ẹ̀ ní àìmọ̀wé kò mọ bí eré Yorùbá ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ariwo nìkan kọ́. Òǹwòran ń pín ohun tí ó ń wò sí ọ̀nà méjì: àlọ́ àti ìròyìn. Ìjàpá ta gọ́bi ta gọ̀bì lọ sọ́dọ̀ Àná, kò sí ẹni tí ó lọ wádìí bóyá ó ṣẹlẹ̀. Mágùn kò sí nínú àpò yẹn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ibi gbogbo tí wọ́n bá ti wo sinimá náà ni ẹnìkan yóò ti sọ pé ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú ìyá òun, tí ẹlòmíràn yóò sì ní irọ́ ni, àìsàn ọkàn ni ó ń pa irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Eré di ẹ̀rí nínú ẹjọ́ tí ó ti wà nílẹ̀ kí a tó ya fọ́tò kankan.

Èyí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Nígbà tí a gbé The Exorcist, ìwé tí William Peter Blatty kọ ní 1971, sójú sinimá ní Amẹ́ríkà ní 1973, ìròyìn kàn pé àwọn kan dákú, àwọn kan bì nínú ilé sinimá. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di ọdún 1999 kí àjọ tí ń yẹ sinimá wò tó fọwọ́ sí i pé kí a máa wò ó nínú ilé lórí fídíò. Ẹni tí ó gbà pé èṣù wà kò lè wo irú eré bẹ́ẹ̀ bí ẹni tí ó gbà pé kò sí.

Ìyàtọ̀ ńlá kan tún wà láàrin Mágùn àti àwọn eré tí ó ti ń dẹ́rù bani ṣáájú rẹ̀. Nínú Aiyé tí Hubert Ògúndé ṣe ní 1979, àwọn àjẹ́ ni ọ̀tá; òǹwòran mọ̀ wọ́n bí wọ́n bá ti yọjú, ó sì mọ̀ pé agbára rere yóò borí wọn. Pàtẹ́wọ́ ni yóò parí rẹ̀. Nínú Mágùn, kò sí àjẹ́ kankan. Ọkọ ni. Ibùsùn ni ibi ti ń wá, láti ọwọ́ ẹni tí ó yẹ kí ó dáàbò bo obìnrin. Bóyá ìdí nìyí tí pàtẹ́wọ́ fi ń ṣòro.

Ìdájọ́ ọkùnrin, ìdájọ́ obìnrin

Ibí ni ẹnu òǹwòran kì í ti kò. Àwọn ọkùnrin kan a máa sọ pé mágùn dára, pé òun ni ó ń jẹ́ kí ilé dúró. Àwọn obìnrin a bi wọ́n pé èwo ni oògùn tí a fi ń sọ ọkọ tí ó ń lọ síta. Ìbéèrè náà wúwo ju bí ó ti rí lọ. Mágùn kò bi obìnrin bóyá ó ṣẹ̀ tàbí kò ṣẹ̀. Ìfura ọkọ nìkan ti tó. Nítorí pé òǹwòran ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé Ngozi kò ṣẹ̀, ẹni tí ó ń yin mágùn níláti yìn ín lójú aláìṣẹ̀. Ọgbọ́n ìhun ìtàn yìí ni ó yẹ kí olùkọ́ pe àkíyèsí akẹ́kọ̀ọ́ sí.

Àkókò tí sinimá náà jáde pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ nínú. Ní ọdún 2001 kan náà, ìwádìí ìjọba láàrin àwọn aboyún fi hàn pé ìdá 5.8 nínú ọgọ́rùn-ún ní kòkòrò àrùn éèdì, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà sì péjọ sí Àbújá ní oṣù kẹrin lórí ọ̀rọ̀ náà. Ikú tí ń gba ọ̀nà ìbálòpọ̀ wọlé wà létí gbogbo ènìyàn. Ó rọrùn kí òǹwòran so méjèèjì pọ̀, kí ó sì kà wọ́n sí ìyà ẹ̀ṣẹ̀. Àṣìṣe ni, ìyàwó tí ó jókòó jẹ́ẹ́ nílé ń kó éèdì láti ara ọkọ.

Èdè náà fa awuyewuye. Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, Yorùbá àti Ìgbò sì wà níbẹ̀. Èyí ni ó jẹ́ kí ó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá, títí kan Amẹ́ríkà níbi tí California Newsreel ti ń pín in fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n Thunderbolt kì í ṣe mágùn. Ẹdùn àrá ni Yorùbá yóò rò, Ṣàngó ni yóò sì wá sí i lọ́kàn, ẹni tí ìgbàgbọ́ sọ pé kì í pa aláìṣẹ̀.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ lo sinimá yìí ní kíláàsì yóò rí i pé ìbéèrè àkọ́kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni bóyá òótọ́ ni mágùn. Kò pọn dandan kí ìbéèrè yìí gba gbogbo àkókò. Abala 210 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí à ń lò ní gúúsù Nàìjíríà ka ṣíṣe, títà tàbí lílo oògùn tí a sọ pé ó lè fa àìsàn sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì sì ni ìyà rẹ̀. Òfin náà kò béèrè bóyá oògùn náà ń jẹ́ tàbí kì í jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbà pé irọ́ ni mágùn àti èyí tí ó búra pé òótọ́ ni lè jókòó pọ̀, kí wọ́n sì jọ ṣe ẹjọ́ Yínká.