Àṣẹ Tí Kò Jẹ́

Ilé ìtẹ̀wé pọ̀ ní Ṣómólú àti Bàrígà. Kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń to ìwé lóde òní. A lè kọ àṣẹ sílẹ̀, kí Windows máa dá wọ inú ẹ̀rọ láìsí ẹni tó jókòó tì í.

Fáìlì àṣẹ ìkẹyìn ni SetupComplete.cmd, nínú C:\Windows\Setup\Scripts. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ rẹ̀. Notepad lè ti fi .txt sí i nídìí, kí Windows sì fi í pamọ́. Windows kò ní ké. Yóò kàn fò ó ni.

Bí orúkọ bá pé, ẹ ka setupact.log nínú C:\Windows\Panther\UnattendGC. Ibẹ̀ ni Windows ń kọ ohun tó ṣe sí.

Ẹ̀yin ará, lẹ́tà mẹ́ta péré lè dá iṣẹ́ oníbàárà dúró. Ẹ jẹ́ ká máa fara balẹ̀ kàwé.