Fọ́ọ̀mù kò lè wọn ìfọkànsìn: ẹ̀kọ́ láti Bràsíl

Nígbà tí Nàìjíríà ka èèyàn lọ́dún 1991 àti 2006, ìjọba ò béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí àríyànjiyàn tí ìbéèrè náà máa ń dá sílẹ̀. Àwọn kan ṣì ń fẹ́ kí wọ́n dá a padà, kí a lè mọ ẹni tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n kí ni irú òǹkà bẹ́ẹ̀ máa sọ fún wa? Ká tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká wo Bràsíl, tó ń béèrè tirẹ̀.

Nínú ìkànìyàn wọn ti 2022, ìdá 56.7 nínú 100 àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 10 sókè ló pe ara wọn ní Kátólíìkì. Àwọn ìjọ ajíhìnrere gba ìdá 26.9, Candomblé àti Umbanda, àwọn ẹ̀sìn tó ń bọ òrìṣà, ò ju ìdá 1.0 lọ. Ẹni tó bá ka èyí nìkan á ní òrìṣà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lọ́hùn-ún. Kí onítọ̀hún wá dé Salvador, ìlú kan ní Bràsíl, lóṣù January, lọ́jọ́ tí wọ́n ń fọ ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim. Àwọn obìnrin tó wọ aṣọ funfun látòkè délẹ̀ á fẹsẹ̀ rin nǹkan bíi kìlómítà mẹ́jọ, wọ́n á ru ìkòkò omi olóòórùn dídùn àti òdòdó, wọ́n á dà á sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á fi ìgbálẹ̀ fọ̀ ọ́. Jésù ló ni ṣọ́ọ̀ṣì náà, Òrìṣàńlá ni aṣọ funfun wọn ń kí. Nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù àgbà fòfin de fífọ inú ilé náà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìta ni wọ́n gbájú mọ́. Bí akànìyàn bá kan ilẹ̀kùn wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ní Kátólíìkì làwọn. Wọn ò parọ́. Àyè ìdáhùn kan péré ni wọ́n fún wọn.

Àwọn kan á ní ìbòjú lásán ni ìjọsìn Kátólíìkì wọn, pé ẹrú làwọn baba wọn, wọ́n fi ère ẹni mímọ́ bo òrìṣà kí ọ̀gá má baà fìyà jẹ wọ́n. Òótọ́ wà níbẹ̀. Lọ́dún 1983, Ìyá Stella, ìyálórìṣà ilé Candomblé tó ń jẹ́ Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá ní Salvador, àtàwọn ìyálórìṣà mìíràn kéde pé kí wọ́n ya òrìṣà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni mímọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìbòjú nìkan ni, kí ló dé táwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti Bràsíl padà sí Èkó, ò já a sílẹ̀? Ilẹ̀ òrìṣà ni wọ́n dé, Gẹ̀ẹ́sì tó sì gba ìlú lọ́dún 1861 kì í ṣe Kátólíìkì. Síbẹ̀, kí fádà kankan tó fìdí kalẹ̀ níbẹ̀, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, ẹrú tó ti gba òmìnira, ló ń kó wọn jọ gbàdúrà, ẹnu àdúrà yìí sì ni Fádà Borghero, míṣọ́nnárì Kátólíìkì, bá wọn lọ́dún 1863.

Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn ajíhìnrere. Láti 2010 dé 2022, wọ́n gòkè láti ìdá 21.6 sí 26.9, wọn kì í sì í gbà kí ọmọ ìjọ wọn da òrìṣà pọ̀ mọ́ Jésù. Ní tiwọn, ìdáhùn inú fọ́ọ̀mù sún mọ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọdún yẹn kan náà, Candomblé àti Umbanda gòkè láti ìdá 0.3 sí 1.0. Ó jọ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn yìí ti wà nínú rẹ̀ tipẹ́, ẹ̀rù ni ò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ìgboyà ni òǹkà náà wọ̀n níbẹ̀, bó ṣe ń wọn ẹ̀sìn.

Nítorí náà, bí Nàìjíríà bá máa dá ìbéèrè náà padà, kó béèrè ibi tí èèyàn ń lọ gbàdúrà àti àjọ̀dún tó ń ṣe, kó sì fàyè gba ìdáhùn tó ju ẹyọ kan lọ. Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kó má dá ìbéèrè náà padà rárá, torí orúkọ ìjọ lásán kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ jà.