Ẹ Má Tíì Ju Laptop Àtijọ́ Yẹn Nù

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọmọ wa gbogbo ní Rogers Park, ọ̀rọ̀ laptop ni a mú wá lọ́tẹ̀ yìí, pàápàá èyí tó ti di arúgbó, tí a tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí a ń sọ pé a máa wá nǹkan ṣe sí i lọ́jọ́ kan.

Ní ọjọ́ 14 oṣù October 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft parí ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10; àfikún ọdún kan péré ni wọ́n fún àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ kì í sì í gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tó jáde ṣáájú 2018. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́ o. Kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, wọ́n kàn ní àsìkò rẹ̀ ti kọjá ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ wa tó gbọ́ kọ̀ǹpútà dáadáa fi ń yọ Windows kúrò, tí wọ́n ń fi Linux sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́ orúkọ yẹn rí, Linux ló ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni. Linus Torvalds, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991, àwọn ènìyàn káàkiri ayé sì ń tún un ṣe títí dòní. Oríṣiríṣi ló wà. Ubuntu, tí Mark Shuttleworth ọmọ South Africa gbé jáde ní 2004, gba orúkọ rẹ̀ láti inú èdè Zulu àti Xhosa, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ohun tí àwa ń pè ní ìwà ọmọlúàbí. Orí Ubuntu yìí ni wọ́n kọ́ Linux Mint lé, èyí tó rọrùn jù lójú tèmi fún ẹni tó ń ti Windows bọ̀.

Wàhálà tó máa ń kọ́kọ́ yọjú ni Wi-Fi. Ẹ gbọ́ ti ìdílé kan ládùúgbò wa níbí. Ọmọ wọn ọkùnrin, tó wà ní kíláàsì kẹjọ, fi Linux Mint sí laptop ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé. Ẹ̀rọ náà tan, ó yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí Wi-Fi. Kì í ṣe pé Wi-Fi kò lágbára o; àmì rẹ̀ gan-an kò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ ilé-ìwé ọmọ náà sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ olùkọ́ kí alẹ́ Sunday tó lọ. Bàbá rẹ̀ fárígá. Ó ní àfi kí àwọn lọ fi dọ́là 400 ra tuntun, bẹ́ẹ̀ owó tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí màmá nílé nìyẹn. Ni ọmọ bá ń bẹ ìyá rẹ̀: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Dádì. Kò bàjẹ́. Nǹkan kékeré kan ló kù."

Òótọ́ lọmọ náà sọ. Káàdì kékeré kan wà nínú laptop tó ń gba Wi-Fi. Káàdì yìí kò lè dá ṣiṣẹ́. Ó ń fẹ́ driver, tó dà bí ògbufọ̀ láàárín òun àti Linux. Káàdì Intel àti Atheros kì í sábà dààmú ènìyàn. Broadcom, tó wà nínú ọ̀pọ̀ MacBook àtijọ́ àti àwọn Dell àti HP kan, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń le, torí pé fún ọdún púpọ̀ ilé-iṣẹ́ náà kò jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe Linux mọ bí káàdì rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní 2010 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé driver kan jáde tí gbogbo ayé lè rí inú rẹ̀, kò sì kan gbogbo káàdì wọn. Àwọn tó kù ní driver tiwọn, ṣùgbọ́n kì í sábà bá Linux wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ ní láti bèèrè fún un.

Kí ẹ tó bèèrè, ẹ kọ́kọ́ yẹ kíbọ́ọ̀dù àti ẹ̀gbẹ́ laptop wò. Àwọn kan ní bọ́tìnnì tó ń pa Wi-Fi, ọmọdé a sì máa tẹ̀ ẹ́ láìmọ̀. Ẹ tẹ Ctrl, Alt àti T pọ̀ kí ojú dúdú tí a ń kọ àṣẹ sí lè ṣí, kí ẹ kọ rfkill list. Bí ẹ bá rí "Hard blocked: yes", bọ́tìnnì ló tì í. Bó bá jẹ́ "Soft blocked: yes", ẹ kọ rfkill unblock all, ó parí. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lspci -nnk, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Network controller" sí. Orúkọ káàdì yín wà níbẹ̀. Ẹ dà á kọ sórí pépà, nítorí ẹni tó bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín nìyẹn.

Ṣé ẹ wá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́ pọ̀? Kí ẹ tó rí driver, ẹ nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ tó rí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ nílò driver. Fóònù tó wà lápò yín ló máa tú u. Ẹ fi wáyà so fóònù Android mọ́ laptop, ẹ wọ Settings, ẹ wá "USB tethering", kí ẹ tàn án. Linux á rò pé wáyà íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kì bọ òun. Àwọn wáyà olówó pọ́ọ́kú kan wà tó jẹ́ iná nìkan ni wọ́n ń gbé. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ pààrọ̀ wáyà kí ẹ tó bínú. Nígbà náà, ẹ ṣí "Driver Manager", ẹ mú èyí tó bá dábàá fún yín, kí ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tún un tàn. Fóònù Mọ́mì ni wọ́n lò nílé tí mo sọ yẹn, iṣẹ́ ilé-ìwé sì dé ọwọ́ olùkọ́ ní alẹ́ Sátidé náà.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Bí Secure Boot bá wà ní títan, ẹ̀rọ lè ní kí ẹ dá password kan sílẹ̀ nígbà tí driver ń wọlé. Tó bá tún tan, ojú búlúù á yọ, wọ́n á kọ "Perform MOK management" síbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á yára tẹ "Continue boot", Wi-Fi ò sì ní wá. "Enroll MOK" ni kí ẹ mú, kí ẹ tẹ password yẹn.

Wi-Fi tó ń wá tó ń lọ tún yàtọ̀. Ẹ wo àwọn ilé bíríkì alájà mẹ́ta wa tó yí àgbàlá ká: gbogbo ìdílé ló ní router tiwọn, gbogbo wọn sì ń pariwo lórí 2.4 GHz, níbi tó jẹ́ pé ọ̀nà 1, 6 àti 11 nìkan ni kì í kọlu ara wọn. Bí router yín bá lè lo 5 GHz, tí káàdì laptop náà sì gbà á, ẹ bọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ káàdì àtijọ́ ò mọ 5 GHz rárá. Bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni router ń lò, laptop ò ní rí i láéláé, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú Linux.

Ó ku ojú kọ̀ǹpútà. Linux Mint ní oríṣi mẹ́ta: Cinnamon, MATE àti Xfce. Bí RAM yín kò bá ju gígábáìtì 4 lọ, Xfce ni kí ẹ mú. Cinnamon dára lójú, àmọ́ ó ń jẹun jù fún arúgbó. Bí ojú ẹ̀rọ bá dúdú kirikiri lẹ́yìn tó tan, káàdì àwòrán ni kí ẹ fura sí, pàápàá NVIDIA. Ẹ tún un tàn, ẹ tẹ Esc kí àkójọ GRUB lè yọ, ẹ tẹ e, ẹ wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "linux", ẹ fi nomodeset sí ìparí rẹ̀, kí ẹ tẹ F10. Ìgbà kan yẹn nìkan ló wà fún, kí ẹ lè ríran wọ Driver Manager.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹ kó fọ́tò yín pamọ́ síbòmíràn ná, torí ó lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Linux Mint ń ṣiṣẹ́ láti orí USB láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú laptop. Ẹ fi ọjọ́ kan dán Wi-Fi, ohùn àti ojú rẹ̀ wò báyẹn. Èyí tó bá sì kú pátápátá, ẹ má jù ú sínú ìdọ̀tí. Òfin Illinois kò gbà á láti January 2012. Ìjọba ìlú ní ibi tí wọ́n ń gbà á ní 1150 North Branch Street.

Ẹ̀yin ọmọ, èyí tó kàn yín rèé. Nínú Xfce, ẹ wọ Keyboard, lẹ́yìn náà Layout, ẹ sọ Alt ọwọ́ ọ̀tún di "Compose key". Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ àmì ìyanu, ẹ tẹ o: ẹ ti rí ọ. Bákan náà ni ẹ ó ṣe rí ẹ àti ṣ. Ẹ kọ Ṣọlá bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ ọ́.

Ẹni tí tirẹ̀ bá kọ̀, kó gbé e wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Kó má gbàgbé wáyà iná rẹ̀ o.