Kòkòrò Ibà Ń Pààrọ̀ Aṣọ

Ọ̀rọ̀ ibà ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ níbí, tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí kíláàsì tí ẹnìkan ò ní pa iléèwé jẹ nítorí ibà. Tó bá fi máa di ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún, onítọ̀hún ti lo oògùn, ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìyẹn la fi máa ń sọ pé "ibà lásán ni." Ṣùgbọ́n ibà kan náà ló ń pa àwọn ọmọdé. Nínú ènìyàn mẹ́rin tí ibà ń mú lágbàáyé, nǹkan bí ẹnìkan ló jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún 5 ló sì ń kú jù. Kí ló fa ìyàtọ̀ láàárín àwa àti wọn?

Plasmodium falciparum ni orúkọ kòkòrò tó ń fa ibà wa jù. Abo ẹ̀fọn Anopheles ló ń gbé e wọ ara. Á kọ́kọ́ lọ sínú ẹ̀dọ̀, lẹ́yìn náà á wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀. Ọlọ inú wa dà bí asẹ́: sẹ́ẹ̀lì tó ti bàjẹ́, tó bá gba ibẹ̀ kọjá, ibẹ̀ ló máa parí sí. Kòkòrò yìí ò fẹ́ débẹ̀. Ó wá ń ṣe purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní PfEMP1, á gbé e sí ara sẹ́ẹ̀lì náà lóde. Bí èèmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò ẹni tó gba inú igbó kọjá ni purotéènì yìí ṣe ń mú kí sẹ́ẹ̀lì lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀. Tí wọ́n bá pọ̀ jọ sínú iṣan kéékèèké inú ọpọlọ, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ dé nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ ò ní rí ọ̀nà lọ. Gìrì lè mú ọmọ, ó sì lè dákú.

Ara wa náà kì í dákẹ́. Ó máa ń ṣe antibody tó máa dá purotéènì náà mọ̀. Àmọ́ kòkòrò yìí ní nǹkan bí 60 jíìnì tó ń ṣe oríṣi PfEMP1, ọ̀kan ló sì ń lò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wo jàgùdà tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì pupa jalè ní Òṣòdì. Kí àwọn èèyàn tó máa pariwo "Ẹ mú oníṣẹ́ẹ̀tì pupa!", ó ti wọ búlúù. Ti kòkòrò tí ẹ̀fọn mìíràn bá gbé wá tún lè yàtọ̀ sí 60 ti tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọdún ni ara fi ń kọ́ aṣọ wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Àgbàlagbà ti mọ púpọ̀ níbẹ̀. Ọmọ ọdún méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni.

Ẹ̀rí wà fún un pé antibody ló ń ṣiṣẹ́ yìí. Ní 1961, Cohen, McGregor àti Carrington yọ antibody láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà ní Gáḿbíà, wọ́n fún àwọn ọmọdé tí ibà ń ṣe, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì dínkù gan-an. Ní 1962, Edozien, Gilles àti Udeozo gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde láti Ìbàdàn níbí.

Àwọn aboyún ńkọ́? Kòkòrò yìí ní aṣọ kan, VAR2CSA, tó ń lẹ̀ mọ́ ibi ọmọ. Obìnrin tó lóyún àkọ́kọ́ ò tíì bá aṣọ yìí pàdé rí, bó ti wù kí ara rẹ̀ ti mọ ibà tó. Ìdí nìyẹn tí ibà fi ń dààmú oyún àkọ́kọ́ jù.

Ẹni tó jẹ́ AS nínú wa ní àǹfààní díẹ̀: purotéènì yìí kì í jáde dáadáa lára sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, kì í sì lẹ̀ pinpin. Síbẹ̀, ibà ṣì ń mú un. Ní ti ẹni tó jẹ́ SS, ewu ńlá ni ibà jẹ́ fún un.

Ní December 2024, ìjọba bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára R21 fún àwọn ọmọdé ní Kebbi àti Bayelsa. Kì í ṣe PfEMP1 ló dojú kọ. Purotéènì mìíràn ni, tí kòkòrò ń wọ̀ bọ̀ láti ara ẹ̀fọn, kó tó dé ẹ̀dọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ká ṣe nìyí. Tí ara àbúrò yín bá gbóná, ẹ má fi ti yín wé tirẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn òbí kí wọ́n gbé e lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà. Tí gìrì bá mú ọmọ, ọsibítù ló kàn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rọ ìtọ̀ màálù sí i lẹ́nu. Tí àǹtí yín bá lóyún, ẹ bi í bóyá wọ́n ti fún un ní oògùn SP níbi ìtọ́jú aboyún. Nẹ́ẹ̀tì tí ẹ ká sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ lọ ta á sórí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ òní.