Ọkọ̀ 504 àtijọ́: Èló ni adójútòfò máa san bó bá jóná?

Àgbàlagbà wo ni kò mọ Peugeot 504 nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, tàbí Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá? Lọ́dún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 pọ̀ ní Kàdúná, tí wọ́n sì ń to Ìjàpá l'Ékòó. Ẹni tí tiẹ̀ ṣì ń dán n'Íjẹ̀bú-Òde lónìí, bí ẹyin ló ń gbé e. Ṣùgbọ́n bó bá jóná ńkọ́?

Ẹni tó san ₦15,000 tó di dandan láti oṣù kìíní ọdún 2023 kò gbọdọ̀ retí kọ́bọ̀ lórí ọkọ̀ tirẹ̀. Òfò ẹni tó bá kọlù nìkan ni wọ́n ń san. Ìdójútòfò tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ ló ń san tẹni, owó rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún náírà iye ọkọ̀ náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí o. Bí ẹ tiẹ̀ kọ mílíọ̀nù mẹ́rin sílẹ̀, iye tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lọ lọ́jà ni wọ́n sábà máa ń wò, ògbólógbòó sì ni lójú wọn. Bí ẹ bá sì kọ mílíọ̀nù méjì kí owó tí ẹ máa san lè kéré, ìwé àdéhùn mìíràn á ní ìdajì òfò lẹ máa gbà.

Nílùú Ọba, olówó ọkọ̀ àtijọ́ àti adójútòfò lè jọ fẹnu kò sí iye kan, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ṣáájú. Ẹ béèrè fún irú rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ọkọ̀ náà tinú-tòde, ẹ tọ́jú rìsíìtì mẹkáníìkì, apọ̀dà àti pánẹ́bítà, kí ẹ sì tún iye náà wò lọ́dọọdún: èyí tí wọ́n kọ kí náírà tó já wálẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023 kò lè ra ọkọ̀ kan náà mọ́.